Amọ̀nà Tí Àlejò Kò Tẹ̀ Lé Mọ́

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nínú rẹ̀, iṣẹ́ amọ̀nà ló fi ṣe.

Odi àtijọ́ kan wà lórí òkè tó ga ju ìlú wọn lọ. Igba àtẹ̀gùn ó lé mọ́kànlá ni èèyàn ń gùn dé ibẹ̀. Ó mọ iye wọn, ó sì mọ èyí tó ń mì nínú wọn. Ó mọ ọba tó kọ́ odi náà, ó mọ ọdún tí ọ̀tá wó o, ó mọ ọdún tí wọ́n tún un kọ́. Ó lè ka gbogbo rẹ̀ ní èdè mẹ́ta láì kólòlò. Kì í ṣe ilé ìwé ló ti kọ́ èdè wọ̀nyẹn. Ẹnu àwọn àlejò ló ti ṣà wọ́n jọ, bí adìyẹ ṣe ń ṣa àgbàdo, ẹyọ kan, ẹyọ kan.

Alágboòrùn ni wọ́n ń pè é. Agboòrùn pupa ńlá kan ló máa ń nà sókè kí àwọn tó ń tẹ̀ lé e má bàa ṣìnà. Láyé ìgbà yẹn, bọ́ọ̀sì mẹ́rin, márùn-ún ló ń dé láàárọ̀ kan, ogójì èèyàn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni àwọn èèyàn náà ń lò ní òtẹ́ẹ̀lì etí òkun. Wọ́n á sùn sínú oòrùn títí ara wọn á fi pọ́n bí edé. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n ń yọ fún odi, ọjọ́ kan yẹn sì rèé, ti Alágboòrùn ni. Tó bá na agboòrùn, ogójì orí á yí sí i. Tó bá dúró, wọ́n á dúró. Tó bá ní kí wọ́n wo òsì, ẹni tí ọrùn ń dùn pàápàá á wo òsì.

Ó fẹ́ràn ìyẹn. Kò sóhun tá a fẹ́ fi pa mọ́ níbẹ̀.

Ó ní àbúrò kan, ọmọ ìyá rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ló fi jù ú lọ. Àga ni àbúrò yìí ń ṣe, pàǹkẹ́rẹ́ ló sì fi ń hun ibi ìjókòó rẹ̀. Iṣẹ́ bàbá wọn ni. Nítorí àga wọ̀nyí ni ìlú ṣe ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, tí wọ́n ń pè é ní Alága. Wọ́n á kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n á ní, "Alága, ṣé ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀ àbí ká ṣì máa bọ̀?" Á rẹ́rìn-ín, á tẹrí ba, á máa hun nǹkan rẹ̀ lọ. Ó lè jókòó láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́ kó má sọ ọ̀rọ̀ tó kún ṣíbí. Kò sì gbọ́ èdè kankan yàtọ̀ sí èyí tí ìyá rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Bàbá wọn kọ́ àwọn méjèèjì níṣẹ́ náà. Ọdún méjì ni ẹ̀gbọ́n lò kó tó sá. Pàǹkẹ́rẹ́ ń ya á lọ́wọ́. Ó ní ẹnu òun mú ju ọwọ́ òun lọ. Bàbá náà wo ìka rẹ̀, ó ní òótọ́ ni.

Láti ọjọ́ náà, àánú àbúrò rẹ̀ ló ń ṣe é. Tó bá ń kó ogójì àlejò kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, á ju ọwọ́ sí Alága, kò ní dúró. Kí ni wọ́n fẹ́ wò níbẹ̀? Ọkùnrin kan tó jókòó sílẹ̀. Àánú dùn-ún ṣe fún ẹni tó bá wà lókè.

Ni ọdún àìsàn bá dé. Gbogbo ayé tilẹ̀kùn mọ́rí. Ẹyọ àlejò kan ò yọjú. Koríko hù láàárín àtẹ̀gùn, ẹyẹ ń yé sínú odi. Alágboòrùn ń gun òkè náà lóun nìkan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ń ka ìtàn rẹ̀ fún ògiri kó má bàa gbàgbé.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ó rán agboòrùn níbi tó ti ya, ó sì lọ jókòó sí gbàgede tí bọ́ọ̀sì ń já èrò sí. Àlejò dé. Wọ́n dé bí eṣú. Àmọ́ wọn kì í ṣe irú ti tẹ́lẹ̀. Méjì méjì ni wọ́n ń rìn, òmíràn á dá nìkan rìn, àpò lẹ́yìn, nǹkan tó ń sọ̀rọ̀ létí. Wọn ò dé òtẹ́ẹ̀lì. Yàrá ẹ̀yìnkùlé télọ̀ ni wọ́n ń sùn, òkè ilé tíṣà ni wọ́n ń sùn. Ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ti lọ. Fóònù wọn mọ ọdún tí wọ́n kọ́ odi, ó sì ń sọ ọ́ ní èdè tó bá wù wọ́n. Fóònù kì í wúkọ́, kì í ní kí wọ́n dúró kóun mí.

Ó lọ bá akọ̀wé tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àlejò ní ọ́fíìsì. Ọmọbìnrin kan báyìí ni, ara rẹ̀ yá mọ́ èèyàn.

"Ẹ wò ó, Bàbá," ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. "Iye wọn ti ju ti ọdún tó ṣáájú àìsàn lọ."

"Iye ta ni?"

"Àwọn àlejò, Bàbá."

"Níbo ni wọ́n wà? Mi ò rí wọn lẹ́yìn mi."

"Wọn ò fẹ́ tẹ̀ lé èèyàn mọ́ ni. Wọn ò sì fẹ́ wò lásán mọ́. Wọ́n fẹ́ fọwọ́ ara wọn ṣe nǹkan."

"Ṣe kí ni? Ṣé kí wọ́n wá tún odi kọ́ ni?"

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Òun kò rẹ́rìn-ín. Kò bá a ṣàwàdà.

Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe kò pẹ́ kó tó yé e. Àlejò kan ń kọjá lọ, ó rí ọwọ́ Alága lórí pàǹkẹ́rẹ́, ó dúró. Ó jókòó. Títí oòrùn fi yí, ó wà níbẹ̀ tó ń hun ìjókòó àga kékeré kan, tó ń tú u, tó ń tún un hun. Ó ya àwòrán Alága, ó gbé e sórí fóònù fún gbogbo ayé. Lọ́sẹ̀ kejì, àwọn mẹ́rin wá. Kí oṣù tó parí, àwọn èèyàn ti ń kọ̀wé ṣáájú láti òkè òkun pé kí wọ́n bá àwọn fi àyè sílẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù Alága. Ìyàwó Alága ló ń dá wọn lóhùn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ráyè gbá ilé mọ́.

Èyí tó wá dun Alágboòrùn wọ egungun rèé. Orí bẹ́ǹṣì gbàgede ló ń jókòó, ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró sí, báàjì láyà, agboòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àlejò á sọ̀ kalẹ̀, á wá bá a tààrà. Á di agboòrùn mú. Àlejò á na fóònù sí i, àwòrán àbúrò rẹ̀ lójú fóònù, á ní, "Àga?"

Á ní, "Ẹ lọ tààrà. Ẹ yà sọ́tùn-ún níbi kànga."

Ó lè sọ ọ́ ní èdè mẹ́ta. Ohun tí èdè mẹ́ta wá wúlò fún nìyẹn. Lọ́jọ́ kan ó júwe ọ̀nà náà nígbà mẹ́tàdínlógún. Ó kà á. Kò lè ṣe kó má kà á.

Nínú ilé pàápàá, kò sinmi. Ìyàwó rẹ̀ wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ara rẹ̀ ń rùn fún igi tútù.

"Níbo lo ti ń bọ̀?"

"Ọ̀dọ̀ àbúrò yín. Mo lọ bá ìyàwó rẹ̀ po tíì fún àwọn àlejò. Mẹ́fà ni wọ́n lónìí."

"Mi ò bi ọ́ ní iye wọn."

"Ẹ ò bi mí, ojú yín ló bi mí."

Ìyàwó rẹ̀ ń bọ́ bàtà.

"Ọ̀kan nínú wọn sunkún," obìnrin náà ní.

"Ẹkún kí ni?"

"Ó ní látọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, òun ò tíì fọwọ́ ara òun ṣe nǹkan kan parí rí. Ó gbé àga yẹn mọ́yà bí ọmọ tuntun. Ó ṣe mí láàánú."

Alágboòrùn gbé e mì bí ẹni gbé àgbo kíkorò mì. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó ń sọ bí ọ̀tá ṣe ju ọmọ ọba mẹ́ta sílẹ̀ láti orí odi, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì, ẹnikẹ́ni ò sunkún rí. Wọ́n á ní kó sún díẹ̀ kí wọ́n lè ya àwòrán ibẹ̀.

Láàárín èyí ni ọ́fíìsì ṣe òfin tuntun. Wọ́n ní amọ̀nà ti pọ̀ jù fún iṣẹ́ tó kù nílẹ̀. Èyí tí kò bá mú ọ̀wọ́ mẹ́fà gun òkè láàárín oṣù mẹ́ta, títí dé ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn wọn, kó dá báàjì padà. Ọ̀wọ́ kan gbọ́dọ̀ tó ẹni mẹ́wàá. Ìwé ni ẹ̀rí rẹ̀, bó ti wà látijọ́: ẹni tó dàgbà jù nínú ọ̀wọ́ náà ló ń kọ iye wọn, orúkọ amọ̀nà, àti ohun tí wọ́n rí sọ. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ki ìwé náà sínú àpò rẹ̀, tó máa lẹ̀ ẹ́ pa. Amọ̀nà ò gbọ́dọ̀ tú u. Akọ̀wé ló ń tú u. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa yin ara rẹ̀.

Ọ̀wọ́ márùn-ún ni Alágboòrùn rí mú. Arúgbó ló pọ̀ nínú wọn. Ó ku ọ̀kan, ó sì ku ọjọ́ méjì. Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń nu báàjì láràárọ̀ bí ẹni pé dídán ló máa gbà á là.

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, Alága wá kí i. Kò wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi àtàǹpàkò ha èérún pàǹkẹ́rẹ́ kúrò léèékánná.

"Ẹ kúrọ̀lẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n."

"Kúrọ̀lẹ́. Wọlé."

"Mi ò ní pẹ́. Àwọn kan ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi lọ́la. Mẹ́wàá ni wọ́n."

"Mélòó?"

"Mẹ́wàá. Wọ́n ní ibi iṣẹ́ kan náà làwọn ti fẹ̀yìn tì. Mi ò gba èèyàn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí. Ìyàwó mi ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú èdè wọn, àmọ́ ẹni mẹ́wàá... Mo ní bóyá ẹ lè wá bá mi jókòó, kẹ́ ẹ máa bá mi túmọ̀."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin náà ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Kí n wá jókòó tì ọ́, kí n máa sọ fún wọn pé ẹ fa tìhín, ẹ fa tọ̀hún."

"Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá."

"Báwo ló ṣe wá rí?"

Alága wolẹ̀. "Ó dáa," ó ní. "Ilẹ̀ á mọ́ bá wa." Ó yí padà, ó lọ.

Mẹ́wàá. Iye náà kọ lu Alágboòrùn láyà. Ká ní ó la ẹnu rẹ̀ nígbà yẹn ni, kó sọ pé, "Tí wọ́n bá hun tiwọn tán, bá mi darí wọn sí orí òkè," gbogbo rẹ̀ ì bá ti parí síbẹ̀. Gbólóhùn kan ni. Àmọ́ ẹni tó ń jowú kì í lè tọrọ. Ó rọrùn fún un kó jalè.

Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́sàn-án kù díẹ̀, bọ́ọ̀sì kékeré kan dúró ní gbàgede. Àwọn mẹ́wàá sọ̀ kalẹ̀, orí wọn funfun báláú. Obìnrin kan tó dé fìlà elétí gbòòrò ló ṣáájú wọn. Ó wo fóònù ọwọ́ rẹ̀, ó wo Alágboòrùn, ó tún wo fóònù. Àwòrán Alága ni. Imú bàbá wọn ló wà lójú ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, imú tó rí bí ẹni fi ìka tẹ amọ̀ tútù.

"Àga?" obìnrin náà bi í.

Ọwọ́ rẹ̀ gbéra láti júwe ọ̀nà bí ìṣe rẹ̀. Agboòrùn wà nínú ọwọ́ náà. Ọwọ́ ò yà sọ́tùn-ún. Ó lọ sókè. Agboòrùn ṣí gbàgà.

"Ẹ tẹ̀ lé mi," ó sọ ọ́ ní èdè wọn.

Ni àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá tẹ̀ lé e. Kò wẹ̀yìn. Ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí òkúta, ó ń dùn mọ́ ọn bí ìgbà tí òjò bá rọ̀ sórí páánù ilé ẹni lẹ́yìn ọ̀dá.

Ní àtẹ̀gùn àádọ́rin, obìnrin onífìlà dúró, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ṣé ibi tí ṣọ́ọ̀bù yín ga tó rèé?"

"Ẹni tó bá fẹ́ mọ àga," ó dáhùn, "kó kọ́kọ́ mọ ìlú tó ń jókòó lórí rẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó yà á lẹ́nu pé wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ní ọgọ́rùn-ún, obìnrin náà tún dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Ẹ̀yin ni Alága, àbí? Ẹ tiẹ̀ dàgbà ju ti inú àwòrán lọ."

Ibẹ̀ ló ti yẹ kó sọ pé rárá. Ó mọ̀. Ẹnu rẹ̀ gbọ́ èdè mẹ́ta, "rárá" sì wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Iṣẹ́ ilé wa ni," ó ní.

Kì í ṣe irọ́. Kì í sì í ṣe òótọ́. Ó ń gùn lọ.

Nígbà tí wọ́n dé òkè, ó dúró síbi tó máa ń dúró sí, ó bẹ̀rẹ̀ látorí ọba àkọ́kọ́. Kò tíì dórí ọba kejì tí ọkùnrin kan ti yọ fóònù. Àwọn méjì yán. Ẹnì kan jókòó sórí ògiri, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń wo òkun. Ó rí i pé wọ́n ti ń bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó gbóhùn sókè. Kò ràn án lọ́wọ́.

Obìnrin onífìlà fọwọ́ kàn án lápá pẹ̀lẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ti àga fún wa. Ta ló kọ́ yín?"

Ó pa agboòrùn dé. Ó ní, "Bàbá mi ni."

Ó sì sọ ọ́. Ó sọ bí bàbá náà ṣe ń fi eyín tẹ pàǹkẹ́rẹ́ wò kó tó rà á. Ó sọ bó ṣe máa ń rẹ ẹ́ sómi kó tó hun ún, tí kì í jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀ ju kí èèyàn jẹun kó fọ ọwọ́ lọ, torí tó bá pẹ́ jù, á dúdú, á sì máa já. Ó wá sọ ti àga tíṣà. Ó ní òun wà lọ́mọdé, wọ́n ní kóun hun ìjókòó àga tíṣà, òun fo okùn mẹ́ta kí òun lè tètè lọ ṣeré. Tíṣà gbé àga lọ sí kíláàsì, ó jókòó, ìdí rẹ̀ sì jìn wọnú rẹ̀. Kò lè dìde. Báyìí ló ṣe rìn padà wá sí ṣọ́ọ̀bù, tòun tàga nídìí, gbogbo ọmọ kíláàsì ń tẹ̀ lé e. Bàbá òun yọ àga lára tíṣà tán, ó fi pàǹkẹ́rẹ́ tó ṣẹ́kù lára iṣẹ́ náà na òun.

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ọkùnrin kan di ògiri mú. Ẹni tó kọjú sókun ti yí padà. Fóònù ti wọ àpò. Wọ́n ní kó tún sọ bí tíṣà ṣe rìn. Ó tún un sọ. Ó rìn ín fún wọn.

Ó dùn mọ́ ọn, ó sì korò. Odi tó fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n mọ̀ wà lẹ́yìn wọn, ẹnikẹ́ni ò bojú wò ó. Iṣẹ́ àbúrò rẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́. Níbi tó mú wọn sá dé yìí, Alága náà ló tún wà níbẹ̀.

"Àwa ńkọ́?" obìnrin náà bi í nígbà tí oòrùn ti dé àtàrí. "Ìgbà wo la máa hun tiwa?"

Bọ́ọ̀sì wọn máa lọ ní aago kan. Ó wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń wá nǹkan níbẹ̀.

"Omi ti ba pàǹkẹ́rẹ́ jẹ́," ó ní. "Kò ní ṣeé ṣe lónìí."

"Ó mà ṣe o," obìnrin náà ní. Àmọ́ ó ń rẹ́rìn-ín. "Kò burú. Ìtàn yín ti tó wa."

Ọwọ́ rẹ̀ yọ ìwé àti àpò ìwé fúnra rẹ̀, bí ọwọ́ ṣe ń wá ẹnu nínú òkùnkùn. Obìnrin náà ló dàgbà jù. Ó gbé ìwé lé orúnkún, ó kọ ọ́ kún, ó fi ahọ́n lẹ àpò rẹ̀ pa. Alágboòrùn gbà á, ó fi sáyà. Ọ̀wọ́ kẹfà nìyẹn.

Ó sìn wọ́n dé bọ́ọ̀sì. Nígbà tó ń lọ sílé, ó gba ọ̀nà ẹ̀yìn, ọ̀nà tó jìn, kó má bàa kọjá níbi kànga.

Ní gbogbo àkókò yẹn, Alága wà lórí ìjókòó. Kí aago mẹ́sàn-án tó lù ló ti rẹ pàǹkẹ́rẹ́ ẹni mẹ́wàá sínú báàfù ńlá méjì. Aago mẹ́wàá lù. Tó bá yọ ọ́, á gbẹ, á sán. Tó bá fi í sílẹ̀, á dúdú. Ó ń dìde, ó ń lọ wo òpópónà, ó ń padà wá jókòó. Ìyàwó rẹ̀ ń pe fóònù àwọn àlejò náà, kò sẹ́ni tó gbé e. Nígbà tó fi di ọ̀sán, omi báàfù ti rí bí omi tíì.

Ọjọ́ Ẹtì, Alágboòrùn wọ ẹ̀wù tó dáa, ó mú àpò ìwé lọ sí ọ́fíìsì. Alága ló kọ́kọ́ rí. Ó jókòó sórí àga onírin tó wà níwájú akọ̀wé, fìlà lọ́wọ́.

"Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Káàárọ̀. Kí lo wá ṣe?"

Akọ̀wé ló dáhùn. "Àwọn àlejò rẹ̀ kò dé lánàá. Ẹ̀rù ń bà á pé bóyá nǹkan ṣe bọ́ọ̀sì wọn lójú ọ̀nà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pe ibi tí wọ́n sùn ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ti yín, Bàbá?"

Ì bá yí padà kó lọ sílé. Ó tiẹ̀ rò ó. Àmọ́ òní ni òfin parí. Ó gbé àpò ìwé lé orí tábìlì.

"Ọ̀wọ́ kẹfà," ó ní.

"Ẹ ṣé o!" Inú akọ̀wé dùn tọkàntọkàn. Ó mú ọ̀bẹ kékeré, ó la àpò náà, ó tẹ́ ìwé sílẹ̀, ó ń kà á jáde. "Iye: mẹ́wàá. Orúkọ amọ̀nà..." Ó gbójú sókè wo èkíní, ó wo èkejì.

"Kà á," Alága ní.

"Orúkọ amọ̀nà: Alága, ahun-àga." Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ohun tí a rí: Bàbá yìí sọ ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ fún wa lórí òkè. Nínú gbogbo ìrìn àjò wa, kò sí ọjọ́ tó dà bí èyí."

Fáànù ń yí lókè wọn, ó ń dún kéké.

Akọ̀wé ò fẹ́ ìjà. Ó na ìwé náà sí Alága bí ẹni na omi sí ẹni tó ń jóná. "Alága, tẹ́ ẹ bá sọ pé ẹ̀yin lẹ fi àwọn àlejò yìí ránṣẹ́ sí Bàbá, mo lè kọ ọ́ síbí pé wọ́n kàn ṣi orúkọ kọ ni. Á yanjú."

Alága wo ìka rẹ̀. Ọkùnrin yìí kò mọ irọ́ pa. Kò ní ẹnu tó gbà á.

"Mi ò fi wọ́n ránṣẹ́ sí i," ó ní. "Ó kó wọn lọ ni."

Alágboòrùn tú báàjì láyà fúnra rẹ̀. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti dógùn-ún, ó pẹ́ kó tó jáde. Kò jẹ́ kí akọ̀wé bá òun ṣe é.

Àwọn méjèèjì jọ jáde. Wọ́n rìn títí dé ìdí òpó iná.

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀ nípa òfin yìí?" Alága bi í.

"Ó ti tó oṣù mẹ́ta."

"Ẹ̀ bá ti sọ fún mi."

"Kí n wá tọrọ èèyàn lọ́wọ́ rẹ? Èmi tí mo gbé ọ pọ̀n?"

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń júwe ilé mi fún wọn lójoojúmọ́. Tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n gba òsì ni, ebi ni ǹ bá máa jẹ. Ta ló ń tọrọ lọ́wọ́ ta?"

Alágboòrùn kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ó sì bínú pé Alága tí kì í sọ̀rọ̀ ló rò ó.

"Kí lẹ tiẹ̀ sọ fún wọn lókè yẹn," Alága ní, "tí wọ́n fi gbàgbé àga?"

"Ọ̀rọ̀ Bàbá ni."

"Èwo nínú ọ̀rọ̀ Bàbá?"

"Ti tíṣà. Ọjọ́ tí ìdí rẹ̀ há sínú àga."

Alága dúró. Ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ bọ̀ lójú rẹ̀, ó fẹ́ mú un dání, kò ṣeé ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n. Èmi ni Bàbá nà lọ́jọ́ yẹn."

"Irọ́."

"Èmi ni. Èmi ni mo fo okùn. Ẹ̀yin wà lórí igi lóde, ẹ̀ ń fi mí rẹ́rìn-ín. Àpá rẹ̀ rèé." Ó ká ṣòkòtò sókè ní gbangba òpópónà. Àpá náà wà níbẹ̀ lẹ́yìn orúnkún, tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán.

Alágboòrùn wò ó. Ó gbìyànjú láti rántí bóyá pàṣán ta òun lọ́jọ́ náà. Orí igi ló rántí. Ó rántí bí ẹ̀ka igi náà ṣe ń mì. Láti ìgbà wo ló ti ń bá àbúrò rẹ̀ pín ìyà tí kò jẹ, kò mọ̀. Pàṣán pàápàá, ó jowú rẹ̀.

"Àwọn mẹ́rin ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé," Alága ní, ó sọ ṣòkòtò sílẹ̀. "Mi ò bẹ̀ yín o. Mo kàn ń sọ ọ́ ni." Ó yà sọ́tùn-ún, ó lọ.

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ wo àyà ẹ̀wù rẹ̀. Ihò abẹ́rẹ́ méjì ló wà níbi tí báàjì ti kúrò. Kò bi í léèrè nǹkan kan nípa ihò.

"Ṣé ẹ máa lọ lọ́jọ́ Ajé?" obìnrin náà ní.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ìyàwó Alága ti pè mí."

"Ìlú yìí ò ní ilẹ̀kùn."

"Ṣé ẹ máa lọ, Bàbá wọn?"

"Mẹ́rin ò tó ọ̀wọ́."

"Mi ò bi yín ní ọ̀wọ́."

Ó bọ́ ẹ̀wù, ó fi kọ́. Ó ní bóun bá tiẹ̀ máa lọ, òun á ru àga tòun látilé lọ ni. Òun ò ní lọ jókòó sórí ohun tí àbúrò òun fọwọ́ hun.

Ìyàwó rẹ̀ wo yàrá náà yí ká, láti kọ̀rọ̀ dé kọ̀rọ̀.

"Gbogbo àga tó wà nínú ilé yìí," ó ní, "òun ló hun ún."

Ìrẹsì àná ni Alágboòrùn jẹ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, pẹ̀lú ẹyin dídín kan. Ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró.